Irun ọkùnrin àkọ́kọ́ fún ọkùnrin trans: kí kílípà tó dé orí, àti lẹ́yìn ìgbà náà

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin trans, ìyẹn ọkùnrin tí wọ́n pè ní ọmọbìnrin nígbà tí wọ́n bí i, ló máa ń rò pé bí irun bá ṣáà ti kúrú, ó ti di irun ọkùnrin nìyẹn. Agẹrun á gé e kúrú lóòótọ́, òun náà á délé, á wo dígí, á sì rí i pé ohun tó wà lórí òun kò yàtọ̀ sí ti obìnrin tó gé irun rẹ̀ nítorí ooru. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ojú ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀, bí wọ́n ṣe gé irun náà ni. Ohun tó ń mú kí irun jọ ti ọkùnrin ni igun tó wà lókè ẹ̀bátí, irun ẹ̀gbẹ́ etí, àti bí wọ́n ṣe parí ẹ̀yìn ọrùn. Bó ṣe kúrú tó, ẹ̀yìn ìyẹn ló wà.

Irun kúkúrú tí wọ́n ń gé fún obìnrin máa ń tẹ̀ lé bí orí ṣe rí. Ó máa ń rí róbótó, ó máa ń fẹ́lẹ́ níbi tó parí sí, wọ́n sì sábà máa ń fi irun tín-ín-rín díẹ̀ sílẹ̀ níwájú etí àti lẹ́yìn ọrùn bí ìrù eku. Ti ọkùnrin kì í tẹ̀ lé orí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gòkè tààrà, òkè rẹ̀ á tẹ́ díẹ̀, ibi tí ẹ̀gbẹ́ àti òkè ti pàdé á sì ní igun. Tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ orí yín, tí ẹ rọra ń gbé e lọ sókè láti etí, ẹ máa dé ibì kan tí orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí inú. Ibẹ̀ ni igun yẹn wà. Agẹrun tó bá gbé kílípà kọjá ibẹ̀ láì yọ ọwọ́ síta ti gé igun náà dànù, gbogbo orí á sì di róbótó. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i lọ́jọ́ yẹn. Àfi kí ẹ dúró kí ó hù.

Irun ẹ̀gbẹ́ etí ló tún kàn. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa gé irun obìnrin máa ń gé e ṣóńṣó, tàbí kí ó fá a dànù pátápátá. Ṣóńṣó ń mú kí ojú jọ ti ọmọbìnrin. Tí wọ́n bá sì fá a dànù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dà bíi pé ó fẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí dé nǹkan bí àárín etí, kí wọ́n wá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìbú, tààrà. Tí irùngbọ̀n kò bá tíì hù, ẹ má jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí irun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́ bí irun ọmọdé, kò sì ní í bá èyí tó ṣú lókè mu. Ẹni tí irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ bá fọ́nká lè ní kí wọ́n gé e gùn ju ẹ̀gbẹ́ orí lọ díẹ̀, kí ó lè ṣú.

Ní ti ẹ̀yìn ọrùn, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà parí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìlà tààrà ní ìbú. Ìyẹn ń mú kí ọrùn tín-ín-rín dà bíi pé ó nípọn, ohun tí púpọ̀ nínú wa sì ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí irun á ti hù kọjá ìlà náà, tí á sì dọ̀tí. Ẹ̀kejì ni kí wọ́n yí igun méjèèjì róbótó. Èyí ló jọ ti obìnrin jù, mi ò rí ìdí tí a fi máa yàn án. Ẹ̀kẹta ni kí irun máa kúrú lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dọ́gba pẹ̀lú awọ, láìsí ìlà kankan. Òun ló ń pẹ́ jù, torí pé kò sí ìlà tí irun tuntun máa bà jẹ́. Ẹni tí kò lè tún un ṣe nílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀kẹta yìí ni kí ó mú.

Iwájú orí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì lo testosterone, ìyẹn họ́mọ̀nù ọkùnrin, ní ìlà irun iwájú tó tẹ̀ róbótó. Agẹrun lè fẹ́ fi abẹ tàbí kílípà kékeré fá igun rẹ̀ kí ó lè dúró ṣánṣán. Tó bá tẹ̀ lé ìlà tí irun fúnra rẹ̀ hù sí, kò burú. Tó bá ti ìlà náà sẹ́yìn, kódà bó ṣe ìwọ̀n èékánná, ẹ ó rí àmì irun tó ń hù padà níwájú orí yín láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ sì máa wà lẹ́nu fífá a títí á fi hù tán. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ kí ó tó mú abẹ: "Ìlà tí irun mi ní gan-an ni kí o tẹ̀ lé, má tì í sẹ́yìn." Ẹni tí kò bá dá a lójú, kí ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan iwájú rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nọ́mbà kílípà

Gáàdì ni wọ́n ń pe ike eléyín bí òòyà tí wọ́n ń fi sẹ́nu kílípà kí ó má bàa gé irun jù. Nọ́mbà tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ bí irun tó máa kù ṣe gùn tó: 1 jẹ́ mìlímítà 3, 2 jẹ́ 6, 3 jẹ́ nǹkan bí 10, 4 jẹ́ 13, 8 sì jẹ́ 25. Tí kò bá sí gáàdì rárá, ohun tó kù kò ní í tó mìlímítà 2. Ẹ há nọ́mbà yìí sórí, torí pé "kúrú" kò ní ìtumọ̀ kan náà lẹ́nu yín àti lẹ́tí agẹrun. Ẹni tó bá sọ pé "nọ́mbà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó máa kúrú lọ sí 1 lẹ́yìn ọrùn, fi sẹ̀ǹtímítà 4 sílẹ̀ lókè" ti dí ọ̀nà ìjà.

Bí nọ́mbà kan ṣe máa rí lórí ẹnì kan kọ́ ló ṣe máa rí lórí ẹlòmíì. Lórí irun dúdú tó nípọn, nọ́mbà 2 á bo awọ orí mọ́lẹ̀. Lórí irun tó fẹ́lẹ́ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, nọ́mbà 2 kan náà á fi awọ orí hàn kedere. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìgẹrun àkọ́kọ́ yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó nínú dígí. Tó bá ṣì pọ̀ jù, kí agẹrun lọ sí 3, kí ẹ tún wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ìyẹn fi kún iṣẹ́ rẹ̀, agẹrun tó bá sì ń kanra nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ṣe ẹni tó yẹ kí ẹ gbé orí fún.

Féèdì, ìyẹn kí irun máa kúrú lọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ títí á fi di awọ, ni gbogbo èèyàn ń fẹ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lókè etí gẹ́lẹ́, ló dára fún ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ẹ̀bátí máa ń fi gbogbo bí orí ṣe rí hàn, ẹni tó ti fi irun gígùn bo orí láti kékeré kò sì tíì mọ bí orí rẹ̀ ṣe rí. Orí míì ní kókó lẹ́yìn etí. Ìpàkọ́ ẹlòmíì tẹ́ pẹrẹsẹ. Irú ìpàkọ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n fi irun díẹ̀ sí i níbẹ̀, bíi nọ́mbà 4 tàbí 5, kí ó lè yọ síta. Ẹ fi ọwọ́ yẹ orí yín wò dáadáa nígbà tí ẹ bá ń fọ irun, kí ẹ tó lọ.

Ní ti ojú: tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá kún, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kúrú, kí òkè sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, ẹ má da irun bo iwájú orí ní ìlà tààrà, torí ó máa ń mú kí ojú kúrú kí ó sì fẹ̀. Tí ojú bá gùn, ẹ fi irun sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí òkè má ga jù. Tí àgbọ̀n bá kéré, igun tí mo sọ lókè ẹ̀bátí yẹn ló máa ràn yín lọ́wọ́, torí òun ló ń fún ojú ní igun tí àgbọ̀n kò fún un.

Kí ẹ tó lọ

Irun tó ti jẹ rílásà kò ṣeé gé bí irun tó hù fúnra rẹ̀. Níbi tí irun líle tuntun ti pàdé èyí tó ti rọ̀, kò lágbára, ibẹ̀ ló sì ti ń já. Èyí tó rọ̀ náà kì í dúró tó bá kúrú. Ṣe ló máa ń sùn gbalaja. Ẹ jẹ́ kí irun tuntun hù tó sẹ̀ǹtímítà méjì ó kéré tán, ìyẹn bí oṣù méjì, kí ẹ wá gé gbogbo èyí tó rọ̀ dànù. Ẹni tó bá ń di irun tàbí tó ń kó o, kí ó tú u, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì fún awọ orí ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó sinmi. Dídì tó le fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti jẹ irun tó wà ní ẹ̀bátí, ìgẹrun kúkúrú á sì tú àṣírí ibẹ̀. Kí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ sàn ju kí ẹ rí i lójijì lọ. Féèdì tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí irun ti fọ́nká máa ń gbé e pamọ́ dáadáa, torí pé ó yẹ kí ibẹ̀ kúrú tẹ́lẹ̀.

Irun tó ká jọ máa ń sún kì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù tàbí nígbà tí wọ́n nà án. Bó ṣe wà ní gbígbẹ, tí wọ́n ti fi òòyà tú u, ni kí wọ́n ṣe gé e. Irun tó nà tààrà ní ìṣòro tirẹ̀: ibi tí irun ti ń yí po lórí àtàrí. Yálà kí ibẹ̀ gùn tó láti wúwo kí ó sùn, tàbí kí ó kúrú débi pé kò lè dìde. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà.

Tí irun bá gùn, ẹ so ó sí ìdì mẹ́rin sí mẹ́fà, kí wọ́n gé ìdì kọ̀ọ̀kan lókè ibi tí ẹ so ó sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kílípà máa tó wọlé. Kílípà kì í wọ irun gígùn láì fà á tu. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè pín in sí ìgbà méjì: kí ó gé e dé èjìká tàbí àgbọ̀n lọ́sẹ̀ yìí, kí ó wá lọ sí kúkúrú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ohun tí mi ò gbà pé ó dára ni kí ẹ gé e fúnra yín lóru pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ìdáná nígbà tí inú yín bàjẹ́. Agẹrun tó bá máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ sọ gbogbo orí kalẹ̀ sí ibi tó kúrú jù tí ẹ gé dé, ẹ sì lè bá ara yín ní nọ́mbà 1 láì ní i lọ́kàn.

Fọ́tò mẹ́ta ni kí ẹ mú dání: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn. Ohun tí kì í sábà wá sọ́kàn èèyàn ni pé kí ẹni tó wà nínú fọ́tò má ní irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ nínú fọ́tò tó dára lójú yẹn. Ó ń fa ìlà àgbọ̀n. Ẹ bò ó pẹ̀lú ìka yín lórí fóònù, kí ẹ wò ó bóyá irun náà ṣì wù yín. Kí irú irun tó wà lórí rẹ̀ sì jọ tiyín, nítorí irun tó nà kò lè ṣe ohun tí irun líle ń ṣe, irun líle náà kò sì lè ṣe ti èyí tó nà.

Lórí àga

Ẹni tó bá ń lo binder, ìyẹn aṣọ tó fún tí wọ́n fi ń mú àyà tẹ́, kí ó ka àkókò ìjókòó yìí mọ́ wákàtí mẹ́jọ tí kò yẹ kí ó kọjá lóòjọ́. Aṣọ ńlá tí agẹrun ń so mọ́ ọrùn á bo àyà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lè wọ èyí tí kò fún jù. Ewu gidi tó wà níbẹ̀ ni irun tó ń bọ́. Èyí tó bá wọ abẹ́ binder á máa gún ara títí ilẹ̀ á fi ṣú, òógùn á sì sọ ọ́ di egbò. Ẹ ní kí wọ́n fi bébà tàbí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn ká lábẹ́ aṣọ ńlá náà, kí ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì míì dání, kí ẹ sì fọ binder yẹn kí ẹ tó tún un wọ̀.

Ẹ lọ ní àárín ọ̀sẹ̀, ní àkókò tí èrò kò pọ̀. Ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé nípa ara yín. "Irun ọkùnrin ni mo fẹ́" ti tó. Tó bá bi yín léèrè pé ṣé ó dá yín lójú, ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún nọ́mbà yín sọ. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò ni ọwọ́ rẹ̀. Àwọn agẹrun kan máa ń "tún un ṣe" láì sọ fún yín, bóyá torí wọ́n rò pé ẹ máa kábàámọ̀: wọ́n á mú sísọ́ọ̀sì eléyín láti mú kí etí irun fẹ́lẹ́, wọ́n á fi irun díẹ̀ sílẹ̀ níwájú etí, wọ́n á dá ẹ̀yìn ọrùn dúró ní ṣóńṣó. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀: "Má jẹ́ kí ó fẹ́lẹ́. Gé e tààrà." Kí ẹ tó dìde, ẹ ní kí ó gbé dígí kejì sẹ́yìn yín. Ẹ wo igun méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba, ẹ wo irun ẹ̀gbẹ́ etí bóyá ọ̀kan ò ga ju èkejì lọ. Ẹ fi ìka atọ́ka méjèèjì kan ìsàlẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ń sọ òtítọ́ ju ojú lọ, torí etí púpọ̀ kò dọ́gba.

Tó bá ní kí òun fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín mọ́ ọn, ẹ lè kọ̀ ọ́. Fífá irun kì í mú kí ó hù nípọn, ohun yòówù kí àwọn èèyàn máa sọ. Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ wo kílípà náà kí ó tó kàn yín. Làpálàpá orí máa ń ti orí kan bọ́ sí orí kejì nípasẹ̀ kílípà àti òòyà. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi sípíríìtì tó jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún nù ún, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Sípíríìtì tí wọ́n fi dáná sun lójú yín fún ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ eré lásán. Kì í pẹ́ tó láti pa ohun tó yẹ kí ó pa.

Ẹni tí irun rẹ̀ ká jọ ní láti ṣọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Irun tí wọ́n bá fá kan awọ níbẹ̀ lè tẹ̀ padà wọ inú awọ, á sì di kókó. Ní ara àwọn kan, kókó náà á le, á sì so pọ̀ di àpá ńlá tí kì í lọ. Kí wọ́n má fi abẹ kàn án, kí wọ́n fi ó kéré tán mìlímítà 1 sílẹ̀, kí wọ́n má sì fa kílípà kọjá níbi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tí kókó bá ti yọ, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ láì gé e, kí ẹ sì lọ rí dókítà awọ ara tó bá ń tàn kálẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́

Orí á fúyẹ́, á sì tutù. Ọwọ́ á máa lọ síbi irun tí kò sí mọ́. Etí àti ẹ̀yìn ọrùn tí oòrùn kò tíì kàn rí á máa jó kíákíá, nítorí náà ẹ fi kírímù tó ń dènà oòrùn pa wọ́n tàbí kí ẹ dé fìlà. Awọ tí irun bò tẹ́lẹ̀ lè mọ́ ju ti ojú lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń bá ara wọn dọ́gba. Ṣáńpù tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ti pọ̀ jù báyìí; ìwọ̀n ẹyọ owó kékeré kan ti tó.

Ohun tó máa ń ba ọ̀pọ̀ lójijì ni ojú tó wà nínú dígí. Irun gígùn máa ń bo nǹkan. Nígbà tó bá kúrò, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, ọrùn àti etí á jáde síta gbogbo lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì lè rí àwọn nǹkan tí ẹ kò fẹ́ràn tí irun ti ń gbé pamọ́. Àwọn míì á rí ara wọn bí ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá, torí pé irun ọkùnrin lórí ojú tí kò ní irùngbọ̀n, ojú ọmọdékùnrin ló jọ. Ẹlòmíì á rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tàbí bàbá rẹ̀ nínú dígí. Inú àwọn kan á dùn títí wọ́n á fi sunkún. Inú àwọn kan ò ní í dùn rárá, wọ́n á sì máa rò pé bóyá àwọn kì í ṣe ọkùnrin tòótọ́ nígbà yẹn. Irun kọ́ ló ń dá ẹjọ́ yẹn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó pinnu ohunkóhun. Kì í ṣe torí sùúrù lásán: irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń le ní ìlà, ó máa ń dúró gọọrọ, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá ló fi máa ń rọ̀ sí ipò rẹ̀. Ẹ máa ya fọ́tò kan lójoojúmọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Dígí ń fi yín hàn ní òdìkejì, fọ́tò ń fi yín hàn bí ẹlòmíì ṣe ń rí yín, àyípadà á sì hàn nínú fọ́tò kí ẹ tó rí i nínú dígí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi ara yín ní ohun tó ń dùn yín gan-an. Tó bá jẹ́ pé orí rí róbótó, tàbí etí kan ga, ti agẹrun nìyẹn, ó sì ní àtúnṣe. Tó bá jẹ́ pé ojú àwọn èèyàn lára yín ni ẹ kò lè gbà, irun míì kò lè wò ó. Àkókò ló ń wò ó. Tó bá sì jẹ́ pé ó kúrú ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ, irun ń hù ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan sí kan àti díẹ̀ lóṣù. Ọkùnrin tó ní irun gígùn pọ̀ láyé.

Nǹkan kékeré mélòó kan ń ti irun lẹ́yìn tàbí kí ó tako ó. Irun òkè ojú tí wọ́n ti yọ tín-ín-rín kò bá irun ọkùnrin mu. Ẹ jáwọ́ lára rẹ̀ fún oṣù méjì, kí ó hù bó ṣe fẹ́. Gíláàsì ojú tí férémù rẹ̀ ṣe róbótó tó sì gòkè létí, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ní igun. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là ń bo ọrùn tín-ín-rín.

Ní ìta, ẹ máa wà ní àárín méjì fún ìgbà díẹ̀: ẹnì kan á pè yín ní ọkùnrin láàárọ̀, ẹlòmíì á pè yín ní obìnrin lọ́sàn-án. Ilé ìtọ̀ gbogbogbòò ni ó ti máa ń le jù. Ẹ mọ èyí tó ní ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo níbi tí ẹ máa ń lọ. Tí fọ́tò tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ bá ní irun gígùn, ẹ mú káàdì kejì dání tí ẹ bá ń rìnrìn àjò. Ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú àwọn tó lè ṣe é ní jàǹbá bí wọ́n bá mọ̀, kí ó má fi ara rẹ̀ wewu nítorí féèdì: nọ́mbà 4 yí orí ká, tó ń kúrú lọ díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, jẹ́ irun tí obìnrin náà ń gé, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè jù "ooru ni" lọ. Igun rẹ̀ lè dúró de ìgbà tí ilé bá ti yàtọ̀.

Láàárín ìgẹrun kan sí èkejì

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Mìlímítà 12 lóṣù túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé ní nọ́mbà 1 á ti gùn ní ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí èyí tí wọ́n gé ní nọ́mbà 4 máa ń tó oṣù kan. Ìdí nìyẹn tí féèdì fi ń parẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, tí irun gáàdì 3 tàbí 4 sì ń gbé yín dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin ni orí tún máa ń padà sí róbótó, torí ẹ̀gbẹ́ ń hù síta. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ojú àwọn ló tún ti padà sí ti àtijọ́ lásìkò yìí. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n gé, kí wọ́n fi òkè sílẹ̀.

Ẹ lè ṣe ìtọ́jú kékeré nílé. Irun gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ kán òróró kílípà méjì sí mẹ́ta sẹ́nu rẹ̀, ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ nù ún. Ẹ fi gáàdì tó ga ju èyí tí agẹrun lò lọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ní òdì sí bí irun ṣe sùn, kí ẹ sì yọ ọwọ́ síta kí ẹ tó dé igun. Ẹ tẹ gáàdì náà mọ́ ẹnu kílípà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbọ́ kí ó dún "kà", torí gáàdì tó bá bọ́ lójijì ló ń gé ihò sí ẹ̀gbẹ́ orí. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti bò ó. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kalẹ̀ sí nọ́mbà 1, kí ẹ jẹ́ kí agẹrun so ó pọ̀ mọ́ òkè. Ní ẹ̀yìn ọrùn, ẹ lo dígí méjì àti kílípà kékeré, irun tó wà nísàlẹ̀ ìlà nìkan ni kí ẹ gé. Ẹ má gbé ìlà náà sókè. Bí ẹ bá ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láàárín oṣù kan á ti dé àárín ìpàkọ́.

Fún òkè irun tó nà, ìwọ̀n ẹ̀wà kan nínú ìpara irun tí kì í dán ti tó. Ẹ pa á láàárín ọwọ́ kí ó gbóná, kí ẹ fi í sí ìdí irun. Èyí tó ń dán máa ń mú kí irun fẹ́lẹ́ fi awọ hàn. Irun tó ká jọ ń fẹ́ omi ju òróró lọ: ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, ẹ pa òróró lé e kí omi má gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí kànìnkànìn yí i.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ testosterone á rí i pé awọ orí ń lọ́ràá sí i, àti pé irorẹ́ lè máa yọ lẹ́bàá ìlà irun àti lẹ́yìn ọrùn. Fífọ orí léraléra, àti fífọ aṣọ ìrọ̀rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ń dín in kù. Igun iwájú orí náà lè máa sún sẹ́yìn, lára àwọn kan láàárín oṣù díẹ̀, lára àwọn kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdílé ló ń pinnu jù. Inú àwọn kan máa ń dùn sí i torí ó ń sọ ìlà róbótó di ti ọkùnrin. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa finasteride, oògùn tó ń dènà kí testosterone di DHT, họ́mọ̀nù tó ń jẹ irun orí. Kí ó mọ̀ pé DHT kan náà ló ń hu irùngbọ̀n, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró kí irùngbọ̀n jáde ná. Minoxidil, oògùn tí wọ́n ń fi pa orí kí irun lè hù, tún wà, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ológbò. Ẹni tó bá ń sin ológbò, kí ó má jẹ́ kí ó fẹnu kan orí tàbí ìrọ̀rí rẹ̀. Tí igun iwájú bá ti ń yí padà, ẹ sọ fún agẹrun yín pé ìlà tuntun ni kí ó máa tẹ̀ lé, kí ó má fi abẹ lé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.